Koríko Iwájú Ilé Pọ́n Nígbà Ooru: Òǹgbẹ Ni, Oorun Ni, àbí Kòkòrò?

Láti ìparí oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, ní Houston, Dallas àti Atlanta tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ra ilé sí, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn onílé: "Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin koríko yìí, kí ló wá dé tó ṣì ń pọ́n?" Ohun tí aládùúgbò sábà máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi omi kún omi. Nígbà míì, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, omi ojoojúmọ́ yẹn gan-an ló ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Koríko tí òǹgbẹ ń gbẹ máa ń pọ́n. Èyí tó sùn, ìyẹn èyí tó jẹ́ kí ewé rẹ̀ gbẹ kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́, máa ń pọ́n. Èyí tí kòkòrò ń fa oje ara rẹ̀ mu máa ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí àrùn ti wọ gbòǹgbò rẹ̀. Téèyàn bá dúró lójú títì, gbogbo wọn jọra. Ìtọ́jú wọn ni kò jọra rárá, ohun tó sì ń wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ koríko yín

Ọ̀nà méjì ni koríko ilé pín sí. Àwọn kan jẹ́ ti ilẹ̀ olóoru: St. Augustine, Bermuda, zoysia àti centipede. Bí ooru bá wà láàárín 80 sí 95°F, ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń dàgbà jù. Àwọn yòókù jẹ́ ti ilẹ̀ olótùútù: fescue, Kentucky bluegrass àti ryegrass. Láàárín 60 sí 75°F lara ti máa ń tù wọ́n. Bí ooru bá ti ń kọjá 90 lójoojúmọ́, gbòǹgbò wọn á máa kúrú sí i, wọ́n á sì dáwọ́ ìdàgbàsókè dúró.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà níwájú ilé yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Ewé St. Augustine fẹ̀, orí ewé náà rí roboto dípò kó mú ṣóńṣó, itàkùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń rá lórí ilẹ̀ gbangba. Òun ló pọ̀ jù ní Houston. Etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa náà wà lára ibi tó ti ń hù fúnra rẹ̀. Ewé Bermuda tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni ọ̀pọ̀ onílé ní Nàìjíríà ń pè ní Bahama grass. Ó ní itàkùn lórí ilẹ̀, ó sì tún ní òmíràn lábẹ́ ilẹ̀. Zoysia náà ní itàkùn abẹ́ ilẹ̀, àmọ́ ewé rẹ̀ le, ó sì ki. Fescue kì í rá ní tiẹ̀, ìdì ìdì ló ń hù. Òun lẹ máa rí lọ́pọ̀ ilé ní Maryland àti níbi tí igi bá ti ṣíji bò ní Atlanta.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ibi tí koríko bá tọ́jú ẹ̀mí rẹ̀ sí ló ń pinnu bóyá ẹ lè fi í sílẹ̀ láìbomi rin. Nígbà ọ̀dá, Bermuda àti zoysia lè jẹ́ kí gbogbo ewé wọn kú, nígbà tí itàkùn abẹ́ ilẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí òjò bá ti dé, wọ́n á tún hù. Oorun nìyẹn, kì í ṣe ikú. St. Augustine kò ní nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀ ju gbòǹgbò lọ. Orí ilẹ̀ ni gbogbo itàkùn rẹ̀ wà, bí oòrùn bá sì ti gbẹ itàkùn náà dé inú, kò sí ibi tí yóò ti tún sọ. Ti fescue, ìdí ewé rẹ̀, níbi tó ti kan ilẹ̀, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ó lè sùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àmọ́ kò ní ìfaradà tó Bermuda.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá òǹgbẹ ni

Koríko máa ń sọ̀rọ̀ kó tó pọ́n. Nígbà tí omi bá kọ́kọ́ ń tán lára rẹ̀, ewé á ká pọ̀ lóròó, àwọ̀ rẹ̀ á sì kúrò ní ewéko tútù, á ṣú sí aró tó ní eérú nínú. Ẹ rìn kọjá lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ bojú wẹ̀yìn. Bí ojú ẹsẹ̀ yín bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ewé kò dìde padà, omi ló ń fẹ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ bomi rin ín, kì í ṣe nígbà tó bá ti gbẹ tán.

Ìdánwò kejì kò gba owó kankan. Ẹ mú sukudiráfà tó gùn tó ínṣì 6, kí ẹ fi ọwọ́ tì í wọlẹ̀. Ilẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ á gbà á wọlé láìjìjàkadì. Bí kò bá kọjá ínṣì 2, ilẹ̀ ti gbẹ. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò ni òdìkejì rẹ̀: bí sukudiráfà bá wọlé ṣìn-ìn dé ìdí, tí ilẹ̀ sì tutù, síbẹ̀ tí koríko ibẹ̀ pọ́n, a jẹ́ pé kì í ṣe òǹgbẹ. Ẹ pa omi. Nǹkan mìíràn ni kí ẹ lọ máa wá.

Ẹ tún wo bí ibi tó pọ́n ṣe rí. Bó bá jẹ́ ìlà tàbí ìdajì òbìrí, tó sì ń padà síbì kan náà lọ́dọọdún, orí sprinkler (ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sórí koríko) kan ló dí, tàbí tó ti yí ojú síbòmíràn. Ẹ tan ẹ̀rọ náà lójú yín, kí ẹ wo ibi tí omi ń bà sí gan-an. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò tíì rí sprinkler tiwọn lẹ́nu iṣẹ́ rí, torí òru ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ojú kékeré tí àárín rẹ̀ gbẹ, tí ewé tó yí i ká sì dúdú mìnìjọ̀, ìtọ̀ ajá ni. Ẹ da omi púpọ̀ sí i kó ṣàn wọlẹ̀. Bó bá wá jẹ́ etí kọnkéré tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, níbi tí oòrùn ti ń mú jù, ó lè jẹ́ òǹgbẹ, ó sì lè jẹ́ kòkòrò. Ibẹ̀ ló máa ń dojú rú fún èèyàn, a ó sì dé ibẹ̀.

Omi: ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà rẹ̀, àti bó ṣe ń wọlẹ̀

Ìwọ̀n tó tó fún ọ̀pọ̀ koríko nígbà ooru ni ínṣì 1 lọ́sẹ̀ kan, pẹ̀lú òjò tó bá rọ̀. Ẹ fẹ́ kí omi náà wọlẹ̀ dé ínṣì 6. Gbòǹgbò kì í lọ síbi tí kò sí omi. Bí ẹ bá ń fọ́n ọn ní ìṣẹ́jú 5 lójoojúmọ́, ínṣì àkọ́kọ́ nìkan ló ń tutù, ibẹ̀ ni gbogbo gbòǹgbò á kó jọ sí, ibẹ̀ náà ni oòrùn sì ń gbẹ kíákíá jù. Koríko tí wọ́n tọ́ báyìí kò ní lè fara da ọjọ́ méjì bí iná bá lọ lára ẹ̀rọ tàbí tí ẹ bá rìnrìn àjò. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó mu ún yó, ló dára jù.

Kí ẹ lè mọ bí owó omi ṣe ń lọ: ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì fẹ̀ ní 20, ń gba gálọ́ọ̀nù 623 kó tó ní ínṣì 1 lórí. Ẹni tí iwájú àti ẹ̀yìn ilé rẹ̀ bá tó ìlọ́po márùn-ún èyí ti ń lo ju gálọ́ọ̀nù 3,000 lọ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a máa méfò ìṣẹ́jú tí sprinkler ń lò.

Ẹ wá agolo kékeré 6, irú èyí tí ẹja tuna máa ń wà nínú rẹ̀, kí ẹ tò wọ́n káàkiri ibi tí sprinkler kan ń fọ́n omi sí, àwọn kan nítòsí rẹ̀, àwọn kan lókèèrè. Ẹ tan omi fún ìṣẹ́jú 15 géérégé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà wọn omi inú agolo kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí 6. Bó bá jẹ́ ìdá mẹ́rin ínṣì lẹ rí, a jẹ́ pé wákàtí kan ló ń gbà kó tó pé ínṣì 1. Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó nìyẹn. Bí agolo kan bá kún tí òmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ìṣẹ́jú mọ́. Orí sprinkler ni kí ẹ tún ṣe, kí omi ọ̀kan máa dé ìdí èkejì.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n lẹ máa rí ìdí tí ìṣẹ́jú aládùúgbò kò fi lè jẹ́ tiyín. Orí sprinkler tó ń tú omi jáde bí abẹ̀bẹ̀ láìyí lè da tó ínṣì 1 ààbọ̀ ní wákàtí kan. Èyí tó ń yí lọ yí bọ̀ kì í sábà ju bí ìdajì ínṣì lọ. Ìṣẹ́jú 20 lórí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì ínṣì. Lórí ti èkejì, kò tó ìdá márùn-ún ínṣì. Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà bá da oríṣi méjèèjì pọ̀ sórí páìpù kan, apá kan á máa rì, apá kan á máa gbẹ, kò sì sí ìṣẹ́jú tí ẹ lè yàn tí yóò tẹ́ méjèèjì lọ́rùn.

Ilẹ̀ Houston àti Dallas tún ní wàhálà tiẹ̀. Amọ̀ dúdú ni, kì í tètè mu omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí gọ́tà, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó rẹ̀. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú 8, kí ẹ dá a dúró fún wákàtí kan, ìṣẹ́jú 8 mìíràn, kí ẹ tún dá a dúró, títí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ á fi pé. Ẹ̀rọ tó ń darí sprinkler sábà máa ń gbà kí ẹ yan ju àkókò ìbẹ̀rẹ̀ kan lọ lálẹ́ kan; ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Amọ̀ yìí kan náà ló máa ń sún kì nígbà ọ̀dá débi tí ìpìlẹ̀ ilé á fi máa yẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá tilẹ̀ pinnu láti fi koríko sílẹ̀ kó sùn, ẹ má fi ilẹ̀ tó yí ògiri ilé ká sílẹ̀. Ilẹ̀ iyanrìn ní tiẹ̀ ń mu omi kíá, ó sì ń tètè jò ó nù. Ìdajì ínṣì lẹ́ẹ̀mejì dára fún un ju ínṣì 1 lẹ́ẹ̀kan lọ.

Àkókò tó dára jù ni agogo mẹ́rin sí mẹ́jọ òwúrọ̀. Ìrì ti wà lórí ewé tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tíì máa fẹ́, oòrùn á sì jáde láìpẹ́ láti gbẹ ewé náà. Bí ẹ bá bomi rin ín ní alẹ́, ewé á tutù mọ́jú, ohun tí àrùn sì ń wá nìyẹn. Ọ̀sán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀kán omi lórí ewé lábẹ́ oòrùn ń jó koríko. Kì í jó o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ á gba púpọ̀ nínú omi náà kó tó wọlẹ̀, owó á sì ṣòfò. Àwọn ìlú kan ti fi òfin dè é: ní Dallas, láti ọdún 2012, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tan sprinkler láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ẹ béèrè ti ìlú yín.

Ọdún kan sì ń bọ̀ nígbà míì tí ínṣì 1 kò ní ṣeé ṣe. Ní 2011, ọjọ́ 71 ni ooru Dallas dé 100°F tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní Bermuda, zoysia tàbí fescue lè yàn láti jẹ́ kó sùn. Ìdajì ínṣì omi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ti tó láti dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní tutù. Ohun tó burú ni kí ẹ máa ṣe bó ṣe wù yín: kí ẹ bomi rin ín lọ́sẹ̀ yìí títí á fi sọ ewé tuntun, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tún padà. Gbogbo ìgbà tó bá jí, oúnjẹ tó tọ́jú pamọ́ ló ń ná láti fi hu ewé, ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin kì í sí nǹkan kan tó kù. Kò sí irú yíyàn yìí fún ẹni tó ní St. Augustine. Òun gbọ́dọ̀ rí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì ínṣì lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọrùn jù. Ryegrass àti fescue ló pọ̀ lẹ́yìnkùlé London. Ní oṣù keje 2022, nígbà tí ooru dé 40.3°C ní Lincolnshire, koríko gbẹ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ó sì tún tutù nígbà tí òjò padà dé. Bí wọ́n bá ti kéde pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi họ́ọ̀sì bomi rin nǹkan, ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ó tán.

Gígé

Nígbà ooru, koríko gígùn ló ń yè. Ewé gígùn ń ṣíji bo ilẹ̀, kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, gbòǹgbò koríko tó ga sì máa ń jìn ju ti èyí tí wọ́n fá kanlẹ̀ lọ. Ẹ fi St. Augustine sí ínṣì 3 sí 4, fescue náà 3 sí 4, zoysia 1 ààbọ̀ sí 2 ààbọ̀, Bermuda 1 ààbọ̀ sí 2. Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ ìgékoríko kì í sábà jẹ́ ínṣì. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí kọnkéré, ẹ yọ wáyà pílọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò kó má bàa ṣèèṣì tan, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n láti ilẹ̀ dé ojú bíléèdì.

Ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí St. Augustine bá ti ga dé ínṣì 6 nígbà tí ẹ wà nírìn àjò, ẹ gé e sí 4 lónìí, kí ẹ dúró bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó gé e sí 3. Ẹni tó bá fá a kúrò ní 6 sí 2 lọ́jọ́ kan á rí itàkùn funfun tí kò rí oòrùn rí, tí oòrùn oṣù kẹjọ á sì jó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó ń gé koríko fúnni lówó máa ń ṣe èyí gan-an, torí bí ó bá kúrú, ó pẹ́ kí onílé tó bínú. Ẹ sọ ínṣì tí ẹ fẹ́ fún wọn, kí ẹ sì dúró tì wọ́n nígbà àkọ́kọ́.

Bíléèdì tó kú ń fa ewé ya ni, kì í gé e. Ẹ já ewé kan lọ́jọ́ kejì tí ẹ gé koríko, kí ẹ wo orí rẹ̀. Bí orí náà bá ya jágajàga bí òwú, tó sì funfun, ẹ pọ́n bíléèdì. Lẹ́yìn wákàtí 8 sí 10 iṣẹ́ ló máa ń nílò rẹ̀. Ẹ má kó èyí tí ẹ gé dànù bí kò bá dì pọ̀. Yóò jẹrà, yóò sì dá náítírójìn, oúnjẹ tí koríko fi ń hu ewé, padà sílẹ̀. Ẹ má sì gé koríko tí ewé rẹ̀ ti ká nítorí òǹgbẹ. Ẹ bomi rin ín lónìí, kí ẹ gé e lọ́la tàbí ọ̀túnla.

Ajílẹ̀ àti oògùn èpò

Bí koríko bá pọ́n, ọwọ́ tètè máa ń lọ sára ajílẹ̀. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ inú àpò. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń fa omi jáde lára gbòǹgbò, ewé á sì jó ní ìlà ìlà bí ẹ ṣe tì í kọjá. Fescue kò gbọ́dọ̀ rí náítírójìn nígbà ooru rárá, ẹ fi í di oṣù kẹsàn-án. St. Augustine àti Bermuda lè jẹ ẹ́ bí omi bá wà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju pọ́ùn 1 náítírójìn lọ fún ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 20 tí a mẹ́nu bà lókè. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára àpò, ìyẹn iye náítírójìn nínú ọgọ́rùn-ún, pín 100. Bí àpò bá kà 15-5-10, 100 pín sí 15 jẹ́ pọ́ùn 6.7, ìyẹn ni kí ẹ dà sí ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ 21-0-0, pọ́ùn 4.8.

Bí ewé bá pọ́n, ṣùgbọ́n tí ìlà inú rẹ̀ ṣì tutù, iron (èròjà irin) ló ń wá, kì í ṣe náítírójìn. Ó wọ́pọ̀ ní Dallas, torí ẹfun inú ilẹ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí iron gbà.

Oògùn tó ń pa èpò sì lè pa koríko tó ni ilẹ̀ bí ooru bá ti kọjá 85 sí 90°F, pàápàá èyí tí wọ́n pò mọ́ ajílẹ̀ nínú àpò kan náà. Ẹ ka ara àpò. Ẹ fọwọ́ tu èpò lóṣù keje, ẹ ó fi oògùn sí i nígbà tí ara ilẹ̀ bá tutù.

Kòkòrò tó ń ṣe bí òǹgbẹ

Orúkọ rẹ̀ ni chinch bug. St. Augustine ló ń bá jà, ibi tí oòrùn ti ń pa jù ló fẹ́ràn, etí kọnkéré sì ni ó máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fa oje ìdí ewé mu, itọ́ tó ń tú sínú koríko náà sì ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Ìdí nìyẹn tó fi jọ òǹgbẹ, ìdí náà nìyẹn tí omi kò fi ràn án. Onílé á máa bomi rin, ibi tó gbẹ á máa fẹ̀ sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdajì iwájú ilé ti lọ.

Ẹ wá agolo kọfí ńlá, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò kó ṣí lórí àti nísàlẹ̀. Ẹ má gbé e sí àárín ibi tó ti kú, torí kòkòrò náà ti ṣí kúrò níbẹ̀. Ààlà ibi tó pọ́n àti ibi tó tutù ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ tì í wọlẹ̀ tó ínṣì 2. Ẹ da omi kún un, kí ẹ máa bu omi sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń fà á, fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa fi ọwọ́ yẹ koríko inú rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, wọ́n á léfòó. Àgbà wọn dúdú, kò gùn ju ìdá márùn-ún ínṣì lọ, ìyẹ́ funfun rẹ̀ sì ká pọ̀ sẹ́yìn. Ọmọ wọn kéré ju orí ìṣó lọ, ó pupa yòò, ìlà funfun kan sì dábùú ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ wọ̀nyí lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Bí ẹnu agolo bá fẹ̀ tó ínṣì 6, ẹ fi 5 sọ iye tí ẹ rí di púpọ̀. Iye tó wà lórí ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó àti níbùú nìyẹn. Bó bá tó 20 sí 25, ó ti tó lo oògùn, ìyẹn ni pé kòkòrò 4 tàbí 5 nínú agolo kan. Bifenthrin ni àwọn ilé ìtajà sábà máa ń tà fún un. Ẹ fi í sí ibi tó kú àti bí ẹsẹ̀ bàtà 5 yí i ká, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀, kí ẹ má bàa pa kòkòrò tó ń jẹ chinch bug mọ́ ọn. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ọmọdé àti ajá má sì dé ibẹ̀ títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún gbé agolo wá. Bí iye wọn kò bá dín, ẹ lo oògùn tí èròjà rẹ̀ yàtọ̀, torí ibì kan wà tí bifenthrin kò ràn wọ́n mọ́.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta Floratam, irú St. Augustine kan, fún yín pé kòkòrò yìí kì í jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òótọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 1973. Nígbà tó fi máa di 1985, wọ́n ti rí chinch bug tó ń jẹ ẹ́ ní Florida.

Ìdin funfun tó ń jẹ gbòǹgbò ní àmì tiẹ̀: ẹ di koríko mú, á ká sókè bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ṣọ́bìrì gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ṣí i, kí ẹ tú inú ilẹ̀ tó ínṣì 4. Ìdin méjì mẹ́ta kò burú. Bó bá ju 5 lọ, ẹ tọ́jú rẹ̀, kó sì jẹ́ ní ìparí oṣù kẹfà sí oṣù keje tí wọ́n ṣì kéré. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n mọ́ nígbà tí wọ́n bá ti sanra.

Àrùn

Lára ewé St. Augustine, ẹ wo bóyá ojú kéékèèké wà tí àárín rẹ̀ rí bí eérú, tí etí rẹ̀ sì ṣú. Omi alẹ́ àti náítírójìn àpọ̀jù ló ń fà á, nítorí náà, dídá méjèèjì dúró ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Èyí tó le jù ni take-all, àrùn tó ń mú kí gbòǹgbò rà. Ẹ fa itàkùn kan: bó bá tú pẹ̀lú ìrọ̀rùn, tí gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, tó dúdú, tó sì rà, òun nìyẹn. Ẹ fọ́n sphagnum peat (ewéko irà tó ti jẹrà) fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, torí ó ń mú kí ilẹ̀ kan (acidic) díẹ̀, àrùn náà kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti fescue, bí òru bá ń gbóná kọjá 70°F tí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ojú roboto tó pọ́n á yọ lóru kan ṣoṣo. Ẹ dín omi kù, kí ẹ má fi ajílẹ̀ sí i.

Ìwé látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé

Ọ̀pọ̀ onílé ló ń bomi rin koríko ju bó ṣe yẹ lọ torí ìbẹ̀rù ìwé ìtanràn látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wọn (HOA). Ní Texas, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2025 kò gbà kí ẹgbẹ́ onílé bu owó ìtanràn lé yín nítorí koríko tó pọ́n nígbà tí òfin bá ti dín omi ilé kù, títí ọjọ́ 60 á fi pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé òfin omi náà kúrò. Ẹ ya fọ́tò ìkéde ìlú yín pa mọ́, ọjọ́ tó jáde sì gbọ́dọ̀ hàn lórí rẹ̀.

Bí ooru bá ti ń lọ

Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ yẹ ohun tó kù wò. Ẹ wú itàkùn tàbí ìdí ewé kan, kí ẹ fi èékánná há ara rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun tàbí tó tutù, tó sì le, ó yè; ẹ fún un lómi. Bó bá gbẹ, tó ń ṣẹ́ káká, tí gbogbo èyí tó yí i ká sì rí bẹ́ẹ̀, ó ti kú, kò sí omi tó lè jí i.

Ibi tí St. Augustine ti kú tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀, itàkùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bò ó. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbìn ín ní ìdì kọ̀ọ̀kan sí ínṣì 12 síra wọn, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n gé bí ẹní, kí ẹ sì tẹ́ ẹ lọ́jọ́ tó dé, torí bó bá sùn nínú òkìtì, ooru ara rẹ̀ á pa á. Ẹ bomi rin ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 10 àkọ́kọ́, omi díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló nílò. Yàtọ̀ sí ìgbà tí irúgbìn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ìgbà kan ṣoṣo tí omi ojoojúmọ́ tọ̀nà nìyẹn. Ẹ gbé igun rẹ̀ sókè wò. Bí kò bá gbé mọ́, ó ti mú ilẹ̀, ẹ dín omi náà kù díẹ̀díẹ̀.

Fescue kò ní itàkùn tó lè bo ojú ihò, nítorí náà ẹ ó tún un gbìn láti àárín oṣù kẹsàn-án sí àárín oṣù kẹwàá. Irúgbìn pọ́ùn 5 sí 8 fún ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 20. Ẹ fi réèkì ha ilẹ̀, ẹ fọ́n ọn, ẹ bò ó ní ìdá mẹ́rin ínṣì, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ títí á fi hù, láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ má fi oògùn tí kì í jẹ́ kí èpò hù sí ilẹ̀ náà lásìkò yìí, torí kò mọ irúgbìn fescue yàtọ̀ sí irúgbìn èpò. Ẹ kọ́kọ́ gé e nígbà tó bá ga tó ínṣì 4 sí 5.